Ta Ni Yóò Ru Ewu Owó Náà? Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ìnáwó Àjùmọ̀ṣe fún Iná Oòrùn àti Ìṣọ́nálò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ iná sólà, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí owó tí àwọn orílẹ̀-èdè agbègbè wa ń kó jọ, tàbí tí wọ́n ń gbà lápapọ̀, láti fi pèsè iná tí orísun rẹ̀ kì í gbẹ, irú bíi ti oòrùn àti ti omi, àti láti fi mú kí iná tí a ti ní má ṣe ṣòfò, èyí tí à ń pè ní ìṣọ́nálò. Ohun tí mo ní í sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Owó ń wọ agbègbè yìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà wọlé, irú owó tó jẹ́, àti ẹni tí ewu rẹ̀ máa ń já lé lórí, ni kò jẹ́ kí ó dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Apá tó rọrùn jù tó sì tètè ń mérè wá jù nínú iṣẹ́ náà, ìyẹn ìṣọ́nálò, ni owó ọ̀hún kì í fẹ́ yà sí.

Ìnáwó àjùmọ̀ṣe lórí iná kì í ṣe nǹkan àjèjì lọ́dọ̀ wa. Ní 1968, Tógò àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí à ń pè ní Dàhòmì nígbà náà, dá ilé-iṣẹ́ iná kan ṣoṣo sílẹ̀ láàárín ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní CEB. Orílẹ̀-èdè kéékèèké méjì ni wọ́n, ó sì ṣòro kí èyíkéyìí nínú wọn dá ìsédò ńlá kọ́, ni wọ́n bá pa orúkọ pọ̀ láti fi yáwó. Ibẹ̀ ni ìsédò Nangbéto lórí odò Mono ti wá, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987 pẹ̀lú agbára 65 mẹgawáàtì. Ní 2007, wáyà ńlá tó gbé 330 kilofóòtì so Ìkẹjà pọ̀ mọ́ Sakété, tó fi jẹ́ pé láti ilẹ̀ Yorùbá apá kan ààlà ni iná Nàìjíríà ti ń bọ́ sí ilẹ̀ Yorùbá apá kejì, kí ó tó máa lọ sí Kutọnu àti Lomé. Ẹni tó yá wọn lówó Nangbéto mọ ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ bí ọjọ́ sísan bá pé: ilé-iṣẹ́ kan ni, ìjọba méjì ló sì dúró tì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé nígbà tí a bá dé orí sólà kéékèèké tí wọ́n ń gbé ka òrùlé, ẹ ó rí i pé onídùúró gan-an ni ó sọnù níbẹ̀.

Ní 2010 ni Àjọ ECOWAS ṣí ibùdó kan sí Praia ní Cape Verde, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ECREEE, láti máa bójú tó iná tí orísun rẹ̀ kì í gbẹ àti ìṣọ́nálò. Àwọn ará Austria àti Spain ló kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́, pẹ̀lú UNIDO, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ìdàgbàsókè ilé-iṣẹ́. Ní 2013, àwọn olórí orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ìlànà méjì tí ibùdó náà kọ sílẹ̀. Ìlànà kìíní sọ pé nígbà tí ó bá fi máa di 2030, kí ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún agbára iná agbègbè yìí máa wá láti orísun tí kì í gbẹ, bí a bá ka àwọn ìsédò ńlá mọ́ ọn, tàbí ìdá 19 bí a bá yọ àwọn ìsédò ńlá kúrò. Ìlànà kejì sọ pé kí ìṣọ́nálò gba 2,000 mẹgawáàtì sílẹ̀ kí ó tó di 2020, kí iná tó ń ṣòfò láàárín ilé-iṣẹ́ apínná àti ilé oníbàárà sì dín sí ìsàlẹ̀ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún 2020 ti kọjá báyìí. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tó ń gbé ní Ìbàdàn tàbí ní Aba nílò kí n sọ fún un bí ti wáyà ṣe rí.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí owó wà gan-an. Ìlú Lomé ni, nítorí báńkì ìdàgbàsókè méjì ló fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó: èyí tó jẹ́ ti ECOWAS, tí à ń pè ní EBID, àti BOAD, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí wọ́n jọ ń ná sẹfà nínú Àjọ UEMOA. Ní oṣù kẹrin 2019, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ètò agbègbè kan tí owó rẹ̀ lé díẹ̀ ní 224 mílíọ̀nù dọ́là, tí à ń pè ní ROGEAP báyìí, láti fi gbé iná sólà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wáyà ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn ní orílẹ̀-èdè 19. Àjọ ECOWAS ni kí ó tún ọjà ṣe, ìyẹn ni pé kí ó fi ìlànà kan náà lé páńẹ́lì àti bátìrì lórí kí ayédèrú má bàa gba ìgboro, kí ó sì kọ́ àwọn oníṣòwò níṣẹ́. BOAD ní tirẹ̀ ni kí ó yá àwọn báńkì ìlú kọ̀ọ̀kan lówó, kí àwọn báńkì náà tó wá yá àwọn ilé-iṣẹ́ sólà. Lọ́dún kan náà ni owó àgbáyé fún ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́, tí à ń pè ní Green Climate Fund, tún gbà láti fi owó tì BOAD lẹ́yìn fún sólà ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ èdè Faransé.

Àwọn iṣẹ́ ńlá tí ojú rí kò sì ṣàìsí. Ní Blitta ní Tógò, ilé-iṣẹ́ iná oòrùn 50 mẹgawáàtì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Abu Dhabi àti BOAD wà nínú àwọn tó yá wọn lówó. Ní Illoulofin, ní agbègbè Pobè, láàárín àwọn Yorùbá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ṣí òmíràn tó jẹ́ 25 mẹgawáàtì ní 2022, Faransé àti Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló náwó sí i. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ náà mọ̀ pé láti ibẹ̀ dé ààlà Nàìjíríà kò jìn rárá. Síbẹ̀, oníṣòwò sólà tó bá wà ní Ìlaròó kò lè wọ ọ̀nà BOAD, nítorí pé Nàìjíríà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ UEMOA. Ohun tí à ń pè ní agbègbè kan ṣoṣo nínú ìwé àdéhùn jẹ́ agbègbè méjì nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti owó.

Owó sẹfà fúnra rẹ̀ tún ń ṣe ohun tí náírà kò lè ṣe. Wọ́n ti so ó mọ́ owó Yúróò ní iye kan, 655.957 sẹfà sí yúróò kan, kì í yẹ̀. Ẹni tó bá yá yúróò ní Kutọnu mọ iye tí òun yóò san lọ́dún mẹ́wàá òní. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní ẹjọ́ tiwọn lórí sẹfà, ẹjọ́ náà sì ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní yà síbẹ̀ lónìí. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tiwa. Ilé-iṣẹ́ sólà tó bá yá mílíọ̀nù kan dọ́là ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 jẹ gbèsè tó tó 460 mílíọ̀nù náírà ní iye tí ìjọba ń pè é. Nígbà tí 2024 fi máa parí, gbèsè kan náà ti kọjá 1.5 bílíọ̀nù náírà. Oòrùn kò yí padà, páńẹ́lì kò bàjẹ́, àwọn oníbàárà ń san owó wọn déédéé ní náírà, síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà ti wó. Nígbà tí mo bá gbọ́ pé wọ́n kéde ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù dọ́là fún iná oòrùn ní Áfíríkà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń béèrè ni irú owó tí wọ́n yóò fi gbà á padà. Ẹni tó ń yáni ní dọ́là ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ewu, ó ti gbé e ka orí ẹni tó ń ta iná fún alágbẹ̀dẹ àti aránṣọ.

Ìṣòro kejì wà ní inú báńkì. Báńkì wa mọ ilẹ̀ tó ní ìwé, ó mọ ilé alájà mẹ́ta ní òpópónà tó já gaara. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé òun ti gbé sólà sí ilé ẹgbẹ̀rún méjì ní abúlé, tí oníkálukú ń san díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù, báńkì kò mọ ibi tí yóò ti di irú dúkìá bẹ́ẹ̀ mú bí owó bá há. Owó Lomé dé báńkì náà, báńkì sì tún béèrè ìwé ilẹ̀. Ìjọba Tógò ti gbìyànjú láti tú u ní ọ̀nà mìíràn. Lábẹ́ ètò CIZO, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìdílé tó ra sólà díẹ̀díẹ̀ san 2,000 sẹfà lóṣooṣù ní 2019, owó náà sì ń gba orí fóònù lọ. Ẹni tí kò lè san gbogbo rẹ̀ rí ìtura, ilé-iṣẹ́ náà sì mọ̀ pé apá kan owó òun yóò máa wọlé.

Nàìjíríà gba ọ̀nà tirẹ̀. Báńkì Àgbáyé yá wa ní 350 mílíọ̀nù dọ́là ní 2018, ó sì tún fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù fún ètò iná sólà tí à ń pè ní DARES ní oṣù kejìlá 2023, èyí tí wọ́n ní yóò dé ọ̀dọ̀ 17.5 mílíọ̀nù ènìyàn. Nínú ètò àkọ́kọ́, ẹni tó bá kọ́ iná sólà alábúlé máa ń gba 350 dọ́là lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan tó bá so mọ́ ọn, wọ́n sì gbé e lọ sí 600 nígbà tó yá. Ètò náà dára, nítorí pé ẹ̀yìn tí iná bá ti ń tàn ni wọ́n ń sanwó, kò sí pé ẹnikẹ́ni ń gba owó lórí òpó tí kò ní wáyà. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń pe owó. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ ra páńẹ́lì, bátìrì, òpó àti mítà, tí yóò dúró de àwọn olùyẹ̀wò, tí yóò tún dúró de owó, gbọ́dọ̀ ní àpò tó jìn. Àwọn tí òbí ilé-iṣẹ́ wọn wà ní òkè òkun ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìlú tó mọ abúlé náà láti kékeré kì í sábà ní i.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ní àpẹẹrẹ méjì tó yẹ kí a wò dáadáa. Ní Gbamu-Gbamu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, iná sólà 85 kilowáàtì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018 pẹ̀lú ìrànwọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti Jámánì. Abúlé àgbẹ̀ ni, wáyà ìjọba kò dé ibẹ̀. Ní Mokoloki, lẹ́bàá Owódé, ti ọdún 2020 yàtọ̀: wáyà ìjọba ti wà ńlẹ̀, iná ni kì í dé. Wọ́n bá ilé-iṣẹ́ apínná ṣe àdéhùn, wọ́n gbé sólà 100 kilowáàtì sí ibẹ̀, wọ́n sì gba àdúgbò náà lọ́wọ́ òkùnkùn. Irú Mokoloki pọ̀ ní ilẹ̀ wa ju irú Gbamu-Gbamu lọ, òun sì ni owó agbègbè kò mọ bí yóò ṣe pè é, nítorí inú ìwé àwọn olùrànlọ́wọ́, ẹni tí òpó iná wà ní ojúlé rẹ̀ ti ní iná.

Níbo ni owó tí kì í bẹ̀rù náírà wà? Ọ̀dọ̀ wa níbí. Owó ìfẹ̀yìntì tí àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ti fi pamọ́ ti ju 20 tírílíọ̀nù náírà lọ. Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ ta bọ́ńdì aláwọ̀ ewé àkọ́kọ́, ìyẹn ìwé ẹ̀yáwó tí owó rẹ̀ wà fún iṣẹ́ tó ṣe àyíká lóore, 10.69 bílíọ̀nù náírà, fún ọdún márùn-ún. Ní 2019, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ìsédò Shiroro ta tirẹ̀, 8.5 bílíọ̀nù náírà, fún ọdún 15. Ohun tó mú kí àwọn olówó ìfẹ̀yìntì gbà láti fi owó sílẹ̀ fún ọdún 15 ni pé ilé-iṣẹ́ InfraCredit ṣe onídùúró fún un: bí ẹni tó yáwó kò bá lè san, òun yóò san. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ Nangbéto ni a tún padà sí. Bí owó òkèèrè bá lè wá jókòó sí ìdí irú onídùúró bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ pé òun ni yóò gba ìpalára bí nǹkan bá bàjẹ́, owó náírà tiwa ni yóò máa ṣe iṣẹ́ ẹ̀yáwó fúnra rẹ̀. Mílíọ̀nù kan dọ́là tó bá ṣe onídùúró ní Nàìjíríà wúlò lójú mi ju mẹ́ta tó wá gẹ́gẹ́ bí gbèsè lọ.

Mo sọ níbẹ̀rẹ̀ pé ìṣọ́nálò ni a ti gbàgbé. Ní 2007, nígbà tí iná di ìyà ní Gánà, ìjọba wọn ra gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀, mílíọ̀nù mẹ́fà, wọ́n sì pín in kiri láti fi rọ́pò àwọn gílóòbù pupa tó máa ń gbóná. Nígbà tí àjọ agbára Gánà wọn ohun tó ti inú rẹ̀ jáde, ìlò iná ìrọ̀lẹ́ ti fi 124 mẹgawáàtì dín kù. Nangbéto, tó gba orílẹ̀-èdè méjì ní ọdún gbọọrọ, jẹ́ 65. Àwọn ará Gánà rí nǹkan bí Nangbéto méjì gbà padà láti ara gílóòbù nìkan, láìsé odò kankan, láìlé ará abúlé kankan kúrò ní oko rẹ̀. Ìjọba Kúbà àti ECOWAS náà bá Àjọ Agbára Nàìjíríà pín mílíọ̀nù kan irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa; púpọ̀ nínú wa lo ó láìmọ ibi tó ti wá.

Gánà kò dúró síbẹ̀. Wọ́n rí i pé fìríìjì tòkunbọ̀ tó kún ilé wọn ń jẹ nǹkan bí 1,200 yúníìtì lọ́dún, nígbà tí èyí tó dára kò ju nǹkan bí 250 lọ. Láti 2013, wọ́n fòfin de fìríìjì tòkunbọ̀ láti òkè òkun, nígbà náà, wọ́n sì fún ẹni tó bá gbé ògbólógbòó rẹ̀ wá ní ẹ̀dínwó lórí tuntun. Ẹ wá wo ìyá tó ń ta ẹja dídì ní ọjà wa. Fìrísà rẹ̀ méjèèjì jẹ́ tòkunbọ̀, rọ́bà ẹnu ìlẹ̀kùn ọ̀kan ti já, ó fi òkúta lé e kó lè dé, omi ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Bí ẹyọ kan bá fi 950 yúníìtì jẹ ju bó ti yẹ lọ lọ́dún, tí a sì ka yúníìtì kan sí igba náírà ó lé díẹ̀, bí àwọn tó wà ní báńdì A, ìyẹn àwọn tí owó iná wọn wọ́n jù, ṣe ń san, ó súnmọ́ 200,000 náírà tó ń ṣègbé lórí fìrísà kan lọ́dún. Nígbà tí iná bá lọ, epo bẹntiróòlù ló fi ń bọ́ wọn, iye rẹ̀ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin yìí kò nílò kí a ta páńẹ́lì fún un lákọ̀ọ́kọ́. Fìrísà tuntun ni kí a yá a lówó rà, kí ó máa fi owó iná tí kò san mọ́ dá gbèsè náà padà. Lẹ́yìn ìyẹn, sólà tí yóò tó o yóò kéré, owó rẹ̀ yóò sì kéré.

Kí ló dé tí owó agbègbè kì í wá sí irú ibi bẹ́ẹ̀? Kò sí ohun tí gómìnà yóò gé ribọ́ọ̀nù rẹ̀ níbẹ̀. Iná tí a kò jó kò ṣeé yà ní fọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ náà wà káàkiri ní kéékèèké, báńkì ìdàgbàsókè sì fẹ́ràn ìwé kan ṣoṣo tí owó rẹ̀ pọ̀. Àjọ UEMOA ti gbé ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ràn: ní 2020, wọ́n ṣe òfin pé kí gílóòbù, fìríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù máa gbé àmì tó ń fi iye iná tí wọ́n ń jẹ hàn. Òfin bẹ́ẹ̀ kò ní agbára bí ọjà tí òfin kò dé bá wà ní apá kejì ààlà, nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé ìṣọ́nálò ju gbogbo rẹ̀ lọ ló nílò ìṣe àjùmọ̀ṣe.

Ẹnì kan yóò béèrè pé agbègbè wo ni mo ń sọ, nígbà tí Màlì, Burkina Faso àti Niger ti jáde kúrò nínú ECOWAS ní oṣù kìíní 2025. Ìbéèrè gidi ni, nítorí wáyà ńlá tí wọ́n ń fà láti Birnin Kebbi gba inú Niger kọjá lọ sí Burkina Faso. Mo rò pé àwọn ọlọ́gbọ́n tó ṣe ROGEAP ti dáhùn rẹ̀ láìmọ̀: láti ọjọ́ kìíní ni Mauritania, Cameroon, Chad àti Central African Republic ti wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ọmọ ECOWAS. Orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jáde sì ṣì wà nínú UEMOA, BOAD sì ṣì jẹ́ báńkì wọn. Owó máa ń bá wáyà lọ ju bí ó ti ń bá ìpàdé àwọn olórí lọ.

Ní tiwa ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, àtúnṣe òfin ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti pèsè iná, láti gbé e kiri àti láti pín in. Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn ti gba àbójútó náà lọ́wọ́ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná. Bí oníkálukú wọn bá lọ ń dá wá owó tirẹ̀, àṣìṣe tí Tógò àti Dàhòmì yẹra fún ní 1968 ni a ó tún ṣe. Àwọn ìpínlẹ̀ yìí ti jọ ní ilé-iṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀, Odù'a, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976 láti máa bójú tó ohun ìní tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ fi sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àpò onídùúró kan jókòó síbẹ̀, ní náírà, tí yóò dúró fún ẹ̀yáwó ọlọ́dún mẹ́wàá, tí owó òkèèrè yóò sì lè wọ inú rẹ̀ láìsọ ara rẹ̀ di gbèsè dọ́là. Ibi tí mo rò pé kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àti àwọn ibùdó omi, níbi tí ẹ̀rọ ìfami àtijọ́ àti ẹ̀rọ amúlétutù tó ti gbó ti ń jẹ iná àti dísù. Kí wọ́n kọ́kọ́ kó ìwé owó iná àti owó dísù ọdún mẹ́ta sẹ́yìn jáde láti ibi kọ̀ọ̀kan, kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wò ó, kí wọ́n kọ iye tí ó lè dín kù sílẹ̀. Iye yẹn ni báńkì yóò fi mọ iye tí ó lè yá wọn àti ọdún tí wọn yóò fi san án.